Orin Tó Dákẹ́ nínú Kànga

Orin bàbá bàbá mi dákẹ́ lójijì nínú kànga. Dígà rẹ̀ náà dákẹ́. Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sẹ́nu kànga tó ń já ẹ̀fọ́, pariwo: “Ọkọ mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Òórùn amọ̀ pupa tútù nìkan ló ń ti inú ihò náà jáde. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di etí ìró rẹ̀ mú.

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni bàbá àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní bàbá, gbé wá sí Ìgándò láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, orin ló máa fi sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ ò dùn rárá, àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ a tiẹ̀ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àkèré ń di àwọn létí. Ṣùgbọ́n orin yẹn la fi ń mọ̀ pé èémí wà nísàlẹ̀. Bójú ọ̀run bá ṣú, bàbá kì í wọ kànga. Ó máa ń sọ pé: “Bí ọjọ́ bá ti ṣú, afẹ́fẹ́ búburú ló ń kún ìsàlẹ̀. Kì í ṣe omi ló ń pa agbẹ́kànga, afẹ́fẹ́ ni.”

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí ojú ọ̀run a máa mọ́ nígbà náà. Àmọ́ nígbà tó yá, ìkùukùu dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nínú ọyẹ́ lọ́dọọdún, ooru a sì mú wa bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Láàárọ̀ ọjọ́ tí orin rẹ̀ dákẹ́ yẹn, ìyá àgbà nàka sí apá Ìkọ̀tún, níbi tó ti ń ṣú bọ̀.

“Ẹ jẹ́ ó di ọ̀la, jàre.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Nínú oṣù ọyẹ́? Àlejò lásán ni, ó máa kọjá.”

Ọpẹ́lọpẹ́ okùn tó so mọ́ ìbàdí kó tó wọ kànga. Àwọn ọmọọṣẹ́ àti ará àdúgbò fà á jáde, ara rẹ̀ ti rọ, kò mira. Ìyá àgbà ń fi ìborùn fẹ́ ẹ, ó ń pè é, ó ń sunkún, títí bàbá fi mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni: “Oṣù ọyẹ́ mà nìyí.” Òjò kankan ò sì rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò wọ kànga mọ́ títí tó fi kú. Iwájú ilé ló ń jókòó sí, tó ń wo òkè bí ẹni tí ọ̀rẹ́ àtijọ́ dà.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbẹ́ kànga báyìí ládùúgbò tí mò ń gbé l'Ẹ́gbẹ́dá. Bí ọjọ́ bá ṣú nínú ọyẹ́, àwọn tá a jọ ń gbélé a máa yọ̀ pé ooru máa rọlẹ̀. Èmi ò lè yọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ńṣe ni mo máa ń pe àwọn ọmọ mi láti yàrá dé yàrá.

“Mọ́mì, a ti gbọ́ o! Kí ló tún dé?”

Wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀kan bá pẹ́ kó tó dáhùn, kí n tó mọ̀, mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀.

“Ẹ ṣáà máa dá mi lóhùn,” ni mo máa ń sọ fún wọn.