Wákàtí Ẹ̀kọ́ Ìwà Nílé Ẹ̀kọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì

Nígbà tí wọ́n gbé mi láti girama dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Abẹ́òkúta, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọn yóò fi mí sí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń dẹ́rù bà mí. Ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti lítíréṣọ̀ ni mo kà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí a máa ń jiyàn lórí ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ títí oúnjẹ yóò fi tutù lórí tábìlì níwájú wa. Mo ṣì máa ń rántí àwọn tábìlì yẹn. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbarà ló rò ó pé ó yẹ kí àwọn tí yóò máa tọ́jú aláìsàn kọ́ nípa ènìyàn fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ nípa kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan. Wọ́n ti gbé ẹni náà lọ sí ìlú mìíràn kí n tó dé. Báyìí ni mo ṣe di olùkọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún.

Wákàtí kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi lọ́sẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Ìdajì kíláàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́sálásí bọ̀, ìdajì yòókù ti jẹ ẹ̀bà yó, oòrùn sì ń jó páànù tó wà lórí wa. Ẹ̀kọ́ Ìwà Nídìí Ìtọ́jú ni orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri. Àlọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnìkan lẹ́yìn á ké pé, "Ààlọ́ o!" gbogbo kíláàsì á sì dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni aṣáájú wọn nínú yẹ̀yẹ́ náà. Mùsùlùmí ni wọ́n, ìdílé oníṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti gbé ẹnu ọjà wá sí kíláàsì.

"Sà," ó wí lọ́jọ́ kan, "bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ènìyàn, ṣé kí n kọ́kọ́ bi í bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí ni?"

"Kọ́kọ́ dá ẹ̀jẹ̀ dúró," mo fèsì. "Lẹ́yìn náà, kí o wá bi í."

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ tiwa ló ṣáájú."

Ẹ̀rín sọ. Mo jẹ́ kí wọ́n rín tán.

Ohun tí mo ń kọ́ wọn kò le. Mo máa ń kó wọn lọ sí yàrá ìdánrawò, màá ní kí ọ̀kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí aláìsàn, kí àwọn yòókù dúró yí i ká, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Kò sí èyí tó fara dà á pẹ́ nínú wọn. Mo tún máa ń sọ fún wọn pé, nílẹ̀ wa, bí o bá bi àgbàlagbà pé ṣé ara le, yóò ní a dúpẹ́, ì báà ṣe pé ìrora kò jẹ́ kó lè mí dáadáa. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ó ń dá ìkíni rẹ padà ni. Nítorí náà, má tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ yá. Jókòó tì í. Bi í lẹ́ẹ̀kejì, kí o wá dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, kó lè ráyè dáhùn.

Ó yé àwọn kan. Àwọn kan sùn.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń kọ́ṣẹ́ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, òkè òkun ló ti kàwé, ó mọṣẹ́ gan-an, kò sì nífẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Nínú ìpàdé kan, ó nàka sí mi.

"Ẹ gba wákàtí ọ̀gbẹ́ni yìí fún mi, kí n fi kọ́ wọn ní ẹ̀yà ara. Ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ìwà. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ nílé, ọ̀gbẹ́ni yìí ò lè kọ́ ọ."

Àwọn tó pọ̀ níbẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, obìnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe nọ́ọ̀sì pẹ́, ní kí wọ́n jẹ́ kó di ìparí sáà kí àwọn tó dìbò. Nígbà tí wọ́n jáde tán, ó pè mí.

"Mi ò kórìíra ohun tí ẹ ń kọ́ wọn," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ fi nǹkan tí ojú lè rí hàn mí. Bí kò bá sí, wọn á fagi lé e, mi ò sì ní lè dá wọn dúró."

Mo ronú ronú. Ta ló lè gbé ìwà sórí tábìlì kí gbogbo ìgbìmọ̀ máa wò ó? Mo ti ń ronú pé wọn á dá mi padà sí girama láti máa kọ́ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ìtìjú nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo gbà pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi pé ẹ̀kọ́ náà ṣe pàtàkì, n kò sì rí ọ̀nà tí mo lè gbà fi hàn ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n dìbò nígbà tí mo tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá àgbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àgbẹ̀ láti abúlé kan lọ́nà Ìtòrí. Ìfun rẹ̀ ló lọ́, ikùn rẹ̀ sì ti le bíi pákó. Dókítà ti sọ pé bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà, kò ní yè é. Ìyá ti gbà. Ó ti tẹ ìka rẹ̀ sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ Ọbàtálá, tó ti fún mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé kò ṣeé bọ́. Òfin sì ni pé aláìsàn kò gbọ́dọ̀ wọ ohun ọ̀ṣọ́ kankan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù mú àlùmọ́gàjí wá láti gé e, ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní ilé lòun ń lọ.

"Màmá, ìlẹ̀kẹ̀ lásán nìyí! Ẹ̀mí yín ńkọ́?"

"Ẹ gbé mi lọ sílé."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń di ẹrù. Ó ti bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ ní géètì.

"Láti ìdájí ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́," nọ́ọ̀sì kan sọ sí mi létí. "Òrìṣà ṣọ̀wọ́n lójú rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ."

Ọmọ oníṣòwò àdìrẹ yìí ni wọ́n yan bẹ́ẹ̀dì náà fún lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i tó rọra gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì, tó gbé e sórí fèrèsé, tó sì kúnlẹ̀ ti ìyá.

"Ẹ kú ìrora, mà."

"O ṣé, ọmọ mi."

"Mi ò ní gé nǹkankan, mà. Mo kàn fẹ́ bi yín ni. Ta ló so ó fún yín?"

"Ìyá tó bí mi. Ọjọ́ tí wọ́n fi mí fún òrìṣà."

"Bí okùn rẹ̀ bá já ńkọ́?"

"A ó tún un sín."

"Bí wọ́n bá wá gé e, mà?"

Ìyá kò dáhùn. Ọmọ náà kò fọhùn, kò sì dìde. Mo ń gbọ́ bí ọmọkùnrin ìyá ṣe ń fa okùn ẹrù rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìyá ní:

"Òkú ni wọ́n máa ń gé e lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olórìṣà bá kú, kí wọ́n tó sin ín, wọn á gé e. Àwọn wọ̀nyí ní kí n na ọwọ́ kí àwọn gé e kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ṣé òkú ni mí ni?"

Láti ìdájí ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí.

"Ẹ kì í ṣe òkú o, mà," ọmọ náà wí. "Ẹ ò sì ní di òkú lọ́wọ́ wa."

Ó dìde, ó wo bẹ́ẹ̀dì kejì. Tíṣà kan láti Ìbarà ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́ tó ṣáájú. Pílásítà funfun yí ìka rẹ̀ kan po.

"Sístà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni pílásítà ọwọ́ àǹtí yìí wà fún?"

"Òrùka ìgbéyàwó ni," ọ̀gá nọ́ọ̀sì dáhùn. "Kò ṣeé bọ́, la ṣe bò ó."

"Kí ló dé tí a ò gé e?"

"Gé òrùka ìgbéyàwó? Òrùka tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ!"

Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ara rẹ̀. Tíṣà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bú sẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ojú abẹ mi!"

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì gbìyànjú láti fajú ro. "Ìwọ ọmọ Alhaja yìí, ìwọ lo wá ń gbèjà òrìṣà?"

"Sístà, mi ò gbèjà òrìṣà o. Màmá ni mò ń gbèjà."

Àsìkò yẹn ni dókítà wọlé. Ó ní kí ló ń dá àwọn dúró. Wọ́n ṣàlàyé. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni oníwà, iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí?"

"Òun ló ṣe é," mo wí.

Ó yíjú sí ọmọ náà. "Kòkòrò àrùn kì í bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn kankan. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀, sà. A ó fi omi apakòkòrò fọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, a ó fi aṣọ gọ́ọ̀sì wé e, a ó wá fi pílásítà dì í pa. Ọwọ́ ọ̀tún la ó ti fa omi sí màmá lára. Ikùn ni ẹ fẹ́ là, sà, ọwọ́ kọ́."

Ẹ̀rù bà mí fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í bá dókítà yẹn sọ̀rọ̀ báyẹn. Dókítà wo ìka tíṣà, ó wo ọrùn ọwọ́ ìyá, ó sì wo aago.

"Ẹ dì í," ó wí. "Kíá."

Ọmọ náà ń sọ ohun gbogbo fún ìyá kó tó ṣe é: mà, omi yìí tutù díẹ̀, mà, gọ́ọ̀sì ló kàn. Ìyá na ọwọ́ náà fún un fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ ju ẹrù sílẹ̀, ó sáré lọ sí géètì, ó ní kí awakọ̀ máa lọ.

Ìyá yè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde, ó ń kí gbogbo bẹ́ẹ̀dì tó kọjá lára wọn, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ gbé iṣu wá fún akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó gbé ọ̀kan wá fún mi.

"Sà, tiyín rèé. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ máa sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi o. Ìyá mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bi oníbàárà ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀."

"Ó dáa. Ta ló kọ́ ọ láti dákẹ́ lẹ́yìn tí o bi í tán?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn, ẹ̀yin ni. Ní Ìtòkú, a kì í dákẹ́."

Nígbà tí ìpàdé ìparí sáà dé, mo ti múra ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi gbèjà ẹ̀kọ́ mi. Mi ò ráyè sọ ọ́. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ní kí a dìbò, dókítà na ọwọ́ sókè.

"Èmi ni mo ní kí ẹ gba wákàtí ọ̀gbẹ́ni yìí," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín. A mọ ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn. A mọ ìfun rẹ̀. Èmi fúnra mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mi ò bi í ní nǹkankan ju ibi tó ń dùn ún lọ. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ì bá jókòó sí yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ìyá lọ kú sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ló gbé e wá bá mi." Ó yíjú sí mi. "Mo sọ pé ẹ ò lè kọ́ wọn. Ẹ ti kọ́ wọn. Mi ò gba wákàtí yín mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di méjì."

Wọ́n dìbò. Kò sí ọwọ́ kan tó tako wa. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ́jú sí mi láti ìdí tábìlì rẹ̀, mo sì mọ̀ pé inú òun náà dùn. Mo jáde síta, mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan. Mo ti gba oyè ní yunifásítì, wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi rí níwájú èrò. Kò sí èyí tó dùn tó tọjọ́ yẹn.

Bí a ti wọlé fún sáà tuntun, mo dé kíláàsì mo bá dókítà níbẹ̀, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ gbà lábẹ́ tábìlì. Ó ní òun gbé ọ̀rọ̀ kan wá: ọkùnrin kan wà tí àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí òun má sọ àìsàn tó ń ṣe é fún un, kí ni kí òun ṣe? Kí n tó la ẹnu, ọmọ oníṣòwò àdìrẹ ti dìde.

"Sà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ná. Ṣé ẹ ti bi ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ mọ̀?"

Dókítà ní òun ò tíì bi í. Gbogbo kíláàsì pariwo. Ẹnìkan ní ẹbí ló mọ̀ ọ́n jù, ẹlòmíràn ní ara rẹ̀ ni, ara ẹbí kọ́, dókítà náà dìde ó ń bá wọn jiyàn, ó ń na ọwọ́ kó tó sọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́. Mo jókòó sórí àga mi, mo ń wò wọ́n. Agogo lù pé àkókò ti tó. Kò sẹ́ni tó dìde nínú wọn.