Mánjú Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Ẹyin Nínú

Bí mo bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀wà tí wọ́n fi ṣúgà sè, ilé kékeré tí a gbé ní Stretford lókè òkun ni ọkàn mi máa ń lọ, sí kíṣìnnì tóóró tí ooru máa ń bo fèrèsé rẹ̀ tó bá ti di oṣù kọkànlá. Ẹ̀wà àti ṣúgà. Mo mọ̀ pé ìwọ náà á fajú ro. Èmi náà fajú ro nígbà àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀wà tí mo mọ̀ láti kékeré, epo, ata àti àlùbọ́sà ló ń bá rìn. Bí ṣúgà bá tilẹ̀ máa débẹ̀, gàrí ló máa ń mú un wá.

Obìnrin ará Japan kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kílínà ní ẹ́ápọ́ọ̀tù ló fi hàn mí. Ẹgbẹ́ mi ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà. Lọ́jọ́ kan tí a ń sinmi, ó na búrẹ́dì roboto kan sí mi, ó funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ó ní mánjú ni wọ́n ń pè é, pé ooru omi ni wọ́n fi ń sè é, àti pé ẹ̀wà dídùn ló wà ní inú rẹ̀. Kí n tó fi kan ẹnu, mo bi í bóyá ẹyin wà nínú rẹ̀. Ó ní rárá. Wàrà ńkọ́? Ó tún ní rárá. N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rù sì ba obìnrin náà, ó rò pé òun ti ṣẹ̀ mí.

Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo ló fà á. Ẹyin àti wàrà kì í bá a lára mu. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ẹnìkan fún un ní kéèkì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ju ìwọ̀n èékánná lọ, kí a sì tó parí orin ìyìn, ojú rẹ̀ ti wú, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ọjọ́ méjì la lò ní ọsibítù. Láti ìgbà náà, ọjọ́ ìbí yòówù tí wọ́n bá pè é sí, òun nìkan ló máa ń jókòó ti ọ̀dùnkún díndín inú ọ̀rá nígbà tí àwọn yòókù bá ń lá kéèkì lẹ́nu ọwọ́. Kì í sunkún. Àìsunkún rẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń dùn mí. Mo wá pinnu pé ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ keje, ohun tí òun bá jẹ ni gbogbo àlejò rẹ̀ á jẹ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ náà, mo rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà. Mo sè é títí ó fi rọ̀, mo gún un mọ́ ṣúgà, mo sì ń rò ó lórí iná títí tí ṣíbí fi ń la ọ̀nà sílẹ̀ nídìí ìkòkò. Mo po ìyẹ̀fun, mo fi wé ẹ̀wà náà roboto. Ìyẹn kò nira. Fífi ooru sè é ló bá mi jà. Bí mo ṣe ń se mọ́ínmọ́ín ni mo ṣe se é, mo fi ọ̀rá bo orí ìkòkò pinpin kí ooru má bàa jáde. Ni omi bá ń kán láti ara ọ̀rá sórí wọn, gbogbo wọn rí jákujàku, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Nígbà tí mo ròyìn fún obìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi aṣọ ìnuwọ́ wé ìdérí fúláàsì rẹ̀ láti fi hàn mí: aṣọ ni kí n wé mọ́ ìdérí, kó máa fa omi náà mu.

Màmá mi dé láti Ìjẹ̀bú nígbà tí ọjọ́ ìbí náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń di aṣọ mọ́ ìdérí, wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti dáyé, àwọn ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń wé gèlè fún ìkòkò. A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹyin kò wọ̀ wọ́n létí rárá. Lójú màmá mi, ẹyin ni ìfẹ́. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni wọ́n fi tọ́ wa. Bí ẹyin àti ẹja ò bá sí nínú rẹ̀, wọn kì í gbé e fún àlejò. Ọjọ́ ìbí tí a máa fi ẹ̀wà àti ṣúgà lásán ṣe, ìwà ahun ni. Ní ti àìsàn ọmọ náà, wọ́n ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí a fi fóònù pè wọ́n láti ọsibítù, wọ́n sì gbà pé Ọlọ́run ti parí ẹ̀. Mo ṣàlàyé, mo fi abẹ́rẹ́ tí dókítà ní kó máa wà nílé hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí láti kékeré ni mo ti mọ irú "mo ti gbọ́" tí màmá mi máa ń sọ.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Sátidé ni, wọ́n ní kí n lọ lọ aṣọ ọmọ, pé àwọn á bá mi mọ mánjú tó kù. Ní aago mẹ́ta mo gbọ́ tí wọ́n pe ọmọ mi wá kíṣìnnì kó wá tọ́ mánjú wò kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dé. Mo ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, aṣọ lọ́wọ́ mi, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọ náà.

"Grandma, ẹ ṣeun. Mo ti yó."

Ẹsẹ̀ mi dúró. Ọmọ náà ò tíì jẹ nǹkan kan láti òwúrọ̀. Ó ní òun ń fi àyè sílẹ̀ fún mánjú. Mo wọlé. Mánjú tó tóbi jù lọ wà níwájú rẹ̀, ó ti bù ú sí méjì bí mo ṣe kọ́ ọ pé kó máa bu gbogbo ohun tí wọ́n bá fún un kó tó jẹ ẹ́, ààbọ̀ ẹyin sísè sì jókòó sáàárín ẹ̀wà náà. Ó ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó mọ̀ pé a kì í dá oúnjẹ àgbà padà, kò sì fẹ́ kí ojú ti ìyá ìyá rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́, níwájú ọmọ. N kò sọ irú ẹ̀ sí màmá mi rí. Wọ́n rọra dáhùn pé tirẹ̀ nìkan ni àwọn fi ẹyin sí, kí tirẹ̀ lè yàtọ̀. Ọwọ́ kan náà ló mọ gbogbo wọn, nítorí náà mo da gbogbo rẹ̀ nù. Mo fọ ọwọ́ ọmọ náà, mo gbé e sórí itan, mo ń wo ètè rẹ̀, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Màmá mi jókòó sọ́ọ̀ọ́kán wa, àwọn náà ń wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí bí a ṣe ń ṣọ́ èémí ọmọ. Kò sí ohun tó ṣe é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nígbà tó yá ni màmá mi sọ̀rọ̀, wọn ò wo ojú mi.

"Ilé bàbá rẹ, wọn kì í jẹ òkété. Ogójì ọdún ni mo fi dáná níbẹ̀. N ò bi wọ́n léèrè ìdí ẹ̀ rí, n ò sì jẹ́ kó dé ìkòkò mi. Kí ló wá dé tí mo fi rò pé ti ọmọ yìí kéré?"

Wọ́n dìde, wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fọ ìkòkò, wọ́n ní kí n gbé ìyẹ̀fun àti ẹ̀wà tó kù wá, èyí tí ọwọ́ àwọn ò tíì kàn. Nígbà tí àwọn ọmọ mẹ́ta tí a pè dé ní aago mẹ́rin, oúnjẹ ò sí, ni màmá mi bá tò wọ́n yí tábìlì ká, láìgbọ́ èdè ara wọn, wọ́n sì jọ ń mọ mánjú. Òmíràn rí bí òkúta, òmíràn bí ìgbín. Màmá mi tú ìborùn wọn, wọ́n fi wé ìdérí fúnra wọn. Nígbà tó jinná, ọmọ mi mú ọ̀kan, ó bù ú, ó wo inú rẹ̀, ó wo ìyá ìyá rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Gbogbo wọn jẹ ohun kan náà. Mẹ́rin ni òun nìkan jẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n ń padà sílé ni mo tó kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ní ẹ́ápọ́ọ̀tù, lórí ilẹ̀ tí èmi fúnra mi ń nù lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí n dìde, pé ìbínú ìyá ni, àwọn náà ti bínú bẹ́ẹ̀ rí.

Fún ọdún púpọ̀ mo rò pé èmi ni mo kọ́ màmá mi lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Èmi ni n ò mọ ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́ tó máa yé wọn. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà nílé ní Ìjẹ̀bú sọ fún mi pé títí di òní, ọmọ yòówù tó bá wọlé tọ̀ wọ́n, ìbáà ṣe ọmọ aládùúgbò, wọ́n á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á ní, "Kí ni kì í bá ọ lára mu?" Ó ní àwọn ọmọ náà kì í mọ èsì tí wọ́n máa fọ̀, nítorí ẹnìkan ò bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ á dúró, á máa ronú. Màmá mi náà á di ṣíbí ìbùbẹ̀ mú, wọ́n á sì dúró dè é.