Ìsun Omi Tí A Fi Sìmẹ́ńtì Tún Ṣe

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹsẹ̀ ìyá àgbà mi ló máa ń pinnu ibi tí a ó lọ lójúmọ́. Bí làkúrègbé bá gbà fún wọn, a ó gba oko lọ. Bí kò bá gbà, ìsun omi tó wà láàárín Ìkirè àti Àpòmù la ó forí lé, èjìká mi ni wọ́n á sì dì mú lọ. Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú ni mò ń sọ yìí.

Abẹ́ àwọn igi ńláńlá ni omi náà ti ń sun jáde, ó sì máa ń tutù wọ eegun. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òrìṣà ni o. Ìyá àgbà mi kì í pa ìrun jẹ, Bísímílà ni wọ́n sì máa ń ṣe kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Wọ́n á jókòó sórí gbòǹgbò igi títí oòrùn á fi ga. Tí a bá ń padà bọ̀, wọn kì í dì mí mú mọ́, àní èmi ni mo máa ń sáré tẹ̀lé wọn. Mi ò sọ pé omi náà ń wo àrùn, èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ.

Àwọn àgbà ní òfin tí wọ́n fi ń tọ́jú ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ wẹ̀ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ igi ibẹ̀, ìbáà ṣe pákò lásán. Bó bá di ọjọ́ ọjà Àpòmù, ẹnì kankan kò ní débẹ̀, wọ́n ní omi ń sinmi. Mo bi ìyá àgbà mi pé ṣé ó máa ń rẹ omi ni. Wọ́n ní, "Ìwọ náà, ṣé o kì í sùn ni?"

Nígbà tó yá, tíṣà kan ládùúgbò wa mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ìbàdàn, orúnkún ń dun ìyẹn náà. Ẹ̀gbọ́n náà sọ fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn sọ fún ẹlòmíràn. Ká tó wí ká tó fọ̀, mọ́tò ti ń gba Aṣẹ́jíire wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn àlejò á ki ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n á jẹ dòdò Ìkirè, wọ́n á sì sùn lábẹ́ òjìji. Inú ìlú dùn. Inú tèmi dùn jù, nítorí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan láti Ìbàdàn yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀ tòun ti léèsì funfun. Ojú tì wá! A ní kò yẹ kí àlejò máa tẹ ẹrẹ̀ nílùú wa. Èmi ni mo dábàá pé ká gé igi kí mọ́tò ríbi dúró sí, ká da sìmẹ́ńtì bo ojú ìsun, ká sì ri páìpù sí i. Mo tún ní ká fagi lé ọjọ́ ìsinmi omi, torí àlejò kì í mọ ọjọ́ ọjà.

Ìyá àgbà mi gbọ́. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ́ bàtà. Ẹni tí ara ń ni á bọ́ bàtà. Ẹ má dí omi lójú."

Èmi ọ̀mọ̀wé ní, "Ìyá Àgbà, ayé ti ń lọ síwájú." Ẹ wo ẹnu mi!

A ṣe é. Ó dára lójú, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Omi ń gba inú páìpù jáde títí òjò fi dáwọ́ dúró. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó di wínníwínní, ó di ẹ̀kán, ó sì gbẹ. A fi irin gún un, a fọ́ sìmẹ́ńtì, pàbó ló já sí. Òjò ọdún kejì rọ̀, omi náà kò padà. Àwọn ará Ìbàdàn wá lẹ́ẹ̀kan sí i, oòrùn pa wọ́n, wọn ò wá mọ́.

Làkúrègbé ìyá àgbà mi le sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbẹ̀. Mo ní, "Kò sómi níbẹ̀ mọ́, mà."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mú mi lọ."

Wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì tí a mọ, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí sìmẹ́ńtì gbígbẹ. Wọn ò bá mi wí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní kí n fún àwọn ní bàtà àwọn. Ẹkún gbọ̀n mí lọ́jọ́ náà.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ sinmi á wọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú. Ẹsẹ̀ ti ń dun èmi náà, omi fíríìjì inú báàfù ni mò ń ki tèmi bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi bi mí pé ta ló ba ìsun náà jẹ́. Mo ní àwọn ará ìlú ni.

Irọ́ ni mo pa fún un.