Máṣíìnì Kejì àti Awọ Tìmùtìmù Pupa

Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, ní Woolwich níbí. Ẹni tó bá mọ̀ wá á mọ̀ pé tí a bá ti wọ sùtánà, a kì í wọ bàtà. Iṣẹ́ bàtà sì ni iṣẹ́ mi. Ẹ wo irú ọgbọ́n tí mo ní: mo kó gbogbo ọjà mi lọ sáàárín àwọn tí kò nílò rẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń wo ẹsẹ̀ wọn bí alápatà ṣe ń wo ẹni tó ní òun kì í jẹran.

Ìyàwó mi ló là mí lójú.

"Dádì, gbogbo wọn ló ní Bíbélì," ó ní. "Ẹ wọ bàtà fún Bíbélì wọn."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ ṣe èèpo ẹ̀yìn Bíbélì nìyẹn. Máṣíìnì kan ṣoṣo ni mo ní nígbà náà, irin dúdú kan tí mo ń fọwọ́ yí, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Sólú bàtà ló mọ̀ ọ́n rán, àti okùn báàgì. Awọ tó nípọn bíi ti bẹ́líìtì nìkan ló gbọ́ èdè rẹ̀, nítorí náà òun náà ni mo lò. Àwọn èèyàn rà á o, ṣùgbọ́n ó le débi pé tí ẹ bá ṣí Bíbélì sí Jẹ́nẹ́sísì, á ti pa ara rẹ̀ dé kí Ádámù tó jí.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí Ìyá Ìjọ fi wá sílé wa ní Barnfield. Ó gun àtẹ̀gùn wa dókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì fi báàgì ọ̀rá kan lé mi lọ́wọ́. Awọ ewúrẹ́ pupa ló wà nínú rẹ̀, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Tìmùtìmù bàbá rẹ̀ ni, èyí tí bàbá náà máa ń jókòó lé nílé wọn ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú. Àbúrò Ìyá Ìjọ ló tú òwú inú rẹ̀ dànù, tó ká awọ náà ránṣẹ́ sí i. Màmá fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó, ọjọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀ sì ti ń bọ̀.

"Bàbá mi ò rí Lọ́ńdọ̀nù," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó bá mi dé iwájú pẹpẹ. Ṣé o lè fi ṣe èèpo Bíbélì mi?"

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé kí n wò ó ná. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀. Ó ti parí." Ẹnu mi ti máa ń ṣáájú ọwọ́ mi láti kékeré.

Nígbà tó lọ tán, mo gé bíńtín létí awọ náà, mo tì í bọ abẹ́ máṣíìnì dúdú. Ohun tó jáde lódìkejì, ńṣe ló dà bíi pé ajá kọ́kọ́ bù ú jẹ, tí ọlọ́pàá sì wá yìnbọn lù ú. Ìyàwó mi gbé e sókè sí iná, ó ń wò mí láti inú ihò rẹ̀.

"Ó ti parí lóòótọ́," ó ní.

Aṣọ a máa dárí jini. Tó o bá rán an wọ́, wàá tú u, wàá tún un rán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Awọ kì í gbàgbé. Ihò tí abẹ́rẹ́ bá dá sí i, ó dá a sí i títí ayé nìyẹn. Bàbá tó ni tìmùtìmù ti lọ, ẹni tó rán tìmùtìmù náà á ti lọ, awọ yẹn kò ní ẹ̀dà. Bí mi ò bá fẹ́ di ẹni tó ba ogún olóògbé jẹ́ lójú gbogbo ìjọ, àfi kí n wá máṣíìnì kejì, èyí tó fúyẹ́.

Mo kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Powis Street. Àwọn máṣíìnì tó wà níbẹ̀ mọ́ tónítóní, ike ni púpọ̀ nínú wọn. Ọmọbìnrin tó ń tà wọ́n fi ọ̀kan hàn mí pé ó lè fúnra rẹ̀ rán òdòdó mọ́ aṣọ. Mo ní ó ṣeun, awọ bàbá onítìmùtìmù kò bẹ̀ mí lódòdó.

Ìyàwó mi ló wá gbọ́ nípa àǹtí kan ní Thamesmead, tó ti ń rán báàgì obìnrin tipẹ́, tó fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Máṣíìnì méjì ló fẹ́ tà. Ìyàwó mi fi mọ́tò gbé mi lọ lọ́jọ́ tí kò sí níbi iṣẹ́. Àǹtí náà ṣílẹ̀kùn gáréèjì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jókòó síbẹ̀ bí ìyàwó àti orogún. Ọ̀kan kéré, ó dára, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Èkejì wà lórí tábìlì tirẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì iná lábẹ́, àti pẹ́dàlì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Mi ò tíì wo ti pẹ́dàlì tán tí mo fi ti fẹ́ràn ti àfọwọ́yí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Mushin, ọ̀gá mi ra máṣíìnì oníná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹsẹ̀ kàn án. Kí n tó pe Jésù, ó ti rán apá ṣẹ́ẹ̀tì mi mọ́ báàgì oníbàárà kan. Obìnrin náà sì wọlé lásìkò yẹn gan-an. Ó ní kí n gbé báàgì òun fóun. Ó fà á, mo tẹ̀lé e. Ó tún fà á, mo tún tẹ̀lé e. Ló bá figbe ta, "Olè!" Àdúgbò sì jáde. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí a bá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó sáré, èmi àti ẹ̀ kò jọ ṣọ̀rẹ́ mọ́. Ìdí tí mi ò fi wa mọ́tò nìyẹn. Ìyàwó mi ló ń wa bọ́ọ̀sì pupa onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì káàkiri ìlú, èmi a wà lára èrò.

"Àńkù, èwo lẹ fẹ́ kọ́kọ́ dán wò?" Àǹtí bi mí.

"Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí yìí dáa. Ó jọ pé ó ní làákàyè."

"Èkejì ńkọ́?"

"Tábìlì rẹ̀ ń mì."

Àǹtí fi ìdí ti tábìlì náà. Kò mì.

"Ariwo rẹ̀ tún pọ̀," mo ní.

"A ò tíì tan iná sí i, Àńkù."

Ìyàwó mi yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Àǹtí fún mi ní àgékù awọ rírọ̀ kan kí n fi dán ti àfọwọ́yí wò. Mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí wíìlì, mo ń fi tòsì di awọ mú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yí i ni awọ ń fà, tó ń yọ̀ lọ bí ẹja àrọ̀. Ìlà tó jáde lọ́ síbí lọ́ sọ́hùn-ún, bí odò tó gba ẹ̀yìn Thamesmead kọjá.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn," mo ní.

"Kí ló tẹ́ yín lọ́rùn nínú eléyìí?" ìyàwó mi bi mí.

Àǹtí gba awọ náà lọ́wọ́ mi. "Àńkù, awọ líle lè dúró fún ọwọ́ kan. Awọ rírọ̀, ọwọ́ méjì ló ń fẹ́, bí ìgbà téèyàn ń wẹ ọmọ. Tí ọwọ́ kan bá ń yí wíìlì, ta ló máa di ọmọ mú?"

Mo rí tìmùtìmù pupa lójú inú mi, mo rí Ìyá Ìjọ tó gun àtẹ̀gùn yẹn.

"Àǹtí, ẹ má dà á láàmú," ìyàwó mi ní. "Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ta lẹ̀rù ń bà?" Mo fa sòkòtò mi sókè, mo jókòó sídìí èyí oníná.

Mo tẹ pẹ́dàlì, kò dá mi lóhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Mo fi agbára díẹ̀ kún un, ló bá bú ramúramù, ó gbé awọ náà mì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Nígbà tí ojú mi máa wálẹ̀, àga ti ṣubú, èmi sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. "Kí lẹ wọ̀ yìí?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," mo fi ìyangàn sọ ọ́. Sólú onípele méjì ni.

"Iṣẹ́ ọwọ́ yín dáa, ṣùgbọ́n pákó ni. Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ìgbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́? Ẹ bọ́ ọ."

Mo ní kò pọn dandan. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe bàtà tó dáa kì í ka ìbọ̀sẹ̀ sí, torí ta ló máa rí i?

"Gbogbo Sọ́ńdè lẹ̀ ń rìn láìwọ bàtà níwájú Ọlọ́run," ìyàwó mi ní, "níwájú Àǹtí lẹ wá ń tijú."

Mo bọ́ ọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi yọrí síta láti inú ìbọ̀sẹ̀, ó kí wọn kú ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà kúrò, ìyàwó mi sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ mi lé pẹ́dàlì.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn gbé e lé e, kí ẹ wá máa rò ó. Bí mo ṣe ń gbéra níbùdókọ̀ nìyẹn, tí màmá arúgbó ò bá tíì jókòó."

Mo rò ó. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí ológbò tó fẹ́ sùn. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde. Kọ̀ọ́... kọ̀ọ́... kọ̀ọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí awọ. Ìlà náà lọ tààrà.

Bí a ṣe ra èyí oníná nìyẹn. A gbé e gun àtẹ̀gùn Barnfield, mo sì ń fi àgékù awọ kọ́ ẹsẹ̀ mi títí ọjọ́ ìdúpẹ́ fi sún mọ́lé. Nígbà tí mi ò rí àgékù mọ́, mo mú pọ́ọ̀sì ìyàwó mi kan tó ti gbó. Mo rán ẹnu rẹ̀ pa dáadáa. Ìyàwó mi kò tíì kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jáde nínú pọ́ọ̀sì náà.

Ọjọ́ tí mo wá gbé awọ pupa síwájú, mo gbàdúrà gígùn. Mo rán etí kìíní, ìkejì, ìkẹta, gbogbo rẹ̀ dúró ṣinṣin. Mo dé igun ìkẹyìn, ẹni tó gbé lẹ́tà wá sì fìkúùkù kan ilẹ̀kùn wa gbàgà! Ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀. Máṣíìnì sáré gba igun náà kọjá, ó fa ìlà kékeré kan wọ àárín awọ kí n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Mo jókòó, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi wá dúró tì mí, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé a lè tú u?"

"Ihò rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀."

Nígbà tó yá, mo ronú pé tí àṣìṣe bá jẹ́ ẹyọ kan, àṣìṣe ni, ṣùgbọ́n tó bá pé mẹ́rin, iṣẹ́ ọnà ni. Mo yí awọ náà padà. Mo fa irú ìlà yẹn sí igun mẹ́ta yòókù, jẹ́jẹ́jẹ́, pẹ̀lú òógùn, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lórí pẹ́dàlì bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun igi ọ̀pẹ láìní igbà.

Láàárọ̀ ìdúpẹ́, Ìyá Ìjọ gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e sí imú, ó pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ ọ yíká, igun dé igun.

"Kí ni ìwọ̀nyí?"

"Iṣẹ́ ọnà ni, Mọ́mì."

"Hẹn-ẹ́n." Ó tún tọ́ ọ yíká lẹ́ẹ̀kan sí i. "Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣèèṣì?"

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà ṣọ́ọ̀ṣì bíi pé òun ló fẹ́ kùn ún. Mo na ìka sí igun ìkẹyìn.

Màmá fi àtàǹpàkò rẹ̀ lé e. "Mo rò bẹ́ẹ̀," ó ní. "Òun nìkan ló tọ́. Àwọn yòókù ń gbọ̀n."

Ó gbé bàbá rẹ̀ sábẹ́ apá, ó sì jó lọ síwájú pẹpẹ, kò gbé àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Mo yíjú sí ìyàwó mi. Mo ní ṣé ó gbọ́ bí Màmá ṣe ní ó tọ́.

Ó ní òun gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, títí kan ti àwọn tó ń gbọ̀n.