Bàbá Ẹ-Kà-Á-Tán

Ọjọ́ tí Bàbá Ẹ-Kà-Á-Tán ti ìlẹ̀kùn mọ́ olùbẹ̀wò ẹ̀kọ́ lórí ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ. Bàbá ló ń tọ́jú yàrá ìkàwé ilé-ìwé. Olùbẹ̀wò wọlé, ó rí ìwé àtijọ́ kan tó lókìkí: ìtàn àwọn ọmọ tí àkúnya omi há mọ́ orí òkè láìsí àgbàlagbà kankan, tí wọ́n sì di ẹranko síra wọn. Ó ní òun ti kà á.

"Báwo ló ṣe parí?" Bàbá bi í.

"Wọ́n... wọ́n padà sílé láyọ̀."

Bàbá jáde, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó gba ojú fèrèsé sọ̀rọ̀ wọlé: "Ẹ kà á tán, ọ̀gá." Ìgbà tí ilé-ìwé parí lọ́jọ́ náà ló tó ṣílẹ̀kùn. Ojú olùbẹ̀wò pọ́n bíi ti ẹni tó gé àlùbọ́sà. Bàbá na áńkáṣífù sí i. "Ẹ kú ìkàwé o, ọ̀gá."

Orogún ni ìyàwó rẹ̀ ń pe ìwé yẹn. Tó bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, Bàbá á mí kanlẹ̀. "Àwọn ọmọ orí òkè yẹn ò tíì jẹun láti ojú ìwé ogójì."

"Ṣé èmi ni mo bí wọn?"

"Ta ló wá bí wọn? Ibo làwọn òbí wọn wà?"

"Wọ́n wà nílé wọn, wọ́n ń jẹun kó tó tutù."

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Bàbá, aránṣọ kan jókòó láàárín àwọn tó wá kí opó. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí àwọn ìtàn Bàbá tí wọ́n ń sọ, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé inú. Ìtàn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Ọmọ ọdún méjìlá ni aránṣọ yìí nígbà tí Bàbá ka ìwé yẹn fún kíláàsì wọn. Òun ló nawọ́ sókè. "Irọ́ ni, sà. Àwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé."

Bàbá wò ó títí. "Inú mi á dùn tó bá rí bẹ́ẹ̀."

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tíṣà wọn kò wá, Bàbá ló wá dúró tì wọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó máa ń tiro. Bó ṣe kọjú sí pátákó, ọmọbìnrin yìí dìde, ó ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pa á bí ọtí. Ó mú ìwé kan, ó sọ ọ́ lu Bàbá. Kí ó tó ṣẹ́jú, ogójì ọmọ ló ń sọ ìwé lù ú, ìwé tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Bàbá fọwọ́ bo orí. "Ẹ rọra o, ẹ ó ya wọ́n!" Àfìgbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ níwájú orí rẹ̀ ni wọ́n tó dákẹ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé sáré dé. "Bàbá, kí ló ṣe yín lórí?"

"Orí àkàbà ni mo ti já bọ́, mà."

"A ò ní àkàbà nílé-ìwé yìí."

"Ohun tó jẹ́ kí n já bọ́ nìyẹn."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà títí tó fi dàgbà, tí aránṣọ bá rí Bàbá lókèèrè, ó máa ń yà sí òpópónà mìíràn. Àmọ́ Bàbá gbé ṣòkòtò wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ní kó gé apá kan kúrú ju èkejì lọ. "Má rò pé àṣìṣe ni o. Ẹsẹ̀ ló ṣàṣìṣe." Aránṣọ rán an, kò lè gbójú sókè títí Bàbá fi lọ.

Nígbà tí àwọn àlejò tú ká, ó bá opó nínú yàrá, níbi tó ti ń ká aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ìwé lu Bàbá nígbà tí mo wà nílé-ìwé."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bàbá fúnra wọn ni. Wọ́n ní ọjọ́ kan o ó wá." Opó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá pẹ̀lú sọ òkúta lu tíṣà wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọkùnrin yẹn ti kú kí wọ́n tó lè lọ bẹ̀ ẹ́. Ṣé o rò pé lásán ni wọ́n ń ka ìwé yẹn lákàtúnkà?"

"Ojú ń tì mí, Ìyá."

"Ojú ti àwọn náà títí wọ́n fi lọ." Opó fà á dìde, ó sún kúrò lójú kan lórí ibùsùn. "Wá, bá mi ká èyí tó kù."

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń ká aṣọ Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.