Awò Ìbọn Méjì àti Ojú Bàbá Ràímì

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ràímì gbé ìbọn ìjọba wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti rẹ̀ mí kí wọ́n tó kí mi tán. Nígbà náà, kòkó ló gbòde, òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, èmi nìkan ni mo sì ń tún ìbọn ọlọ́ta ṣe ní Ìkirè. Ẹnu iṣẹ́ ológun ni mo ti kọ́ ọ, nígbà ogun Bọ́mà. Etí mi ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di, èjìká mi sì máa ń ro mí bí òjò bá ti ṣú.

Ọdẹ ìjọba ni Bàbá Ràímì, ará Àpòmù. Ẹfọ̀n kan ń da oko kòkó rú lápá Ararọ̀mí-Òwu, ó sì ti kan ọkùnrin kan pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá yìnbọn sí i, tí wọ́n tàsé. Ni ọ̀gá igbó, òyìnbó tó wà ní Gbọ̀ngán, bá fi awò ìbọn méjì rán wọn sí mi. Ó ní kí n yan èyí tó dára jù, òun óò wá gbọ́ èsì.

Awò ìbọn dà bí ọ̀pá kúkúrú tó ní dígí lórí àti nídìí. Orí ìbọn la ń dè é mọ́. Bí o bá fi ojú kan wo inú rẹ̀, ohun tó jìnnà á sún mọ́ ọ, wàá sì rí àgbélébùú kan tó tín-ín-rín bí irun. Ibi tí àgbélébùú bá dúró lé ni ọta ń bà. Ọ̀kan nínú méjèèjì tóbi, èkejì kéré. Irú èyí tó tóbi ni àwọn òyìnbó Ìbàdàn tó ń yìnbọn sí pákó láti fi dánra wò fẹ́ràn, torí ó ń fa nǹkan mọ́ra gan-an. Ṣùgbọ́n ibi tó ń fi hàn kò fẹ̀, abẹ́ igi kòkó sì ń ṣú nínú rẹ̀. Ẹfọ̀n kì í dúró dè ọ́ kó o wá a kiri.

Mo da omi lé àwọn awò náà lórí, kí n mọ̀ bóyá ìkùukùu á bo dígí wọn. Mo wò ó bóyá ojú lè jìnnà sí wọn díẹ̀, nítorí ìbọn a máa tàdí mẹ́yìn. Mo mọ òyìnbó kan tí awò la ìpéǹpéjú rẹ̀, tó ní ìbọn náà ya wèrè ni. Lẹ́yìn èyí, mo gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, mo yìn ín léraléra sí pákó tí mo ri mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Awò méjèèjì kò yẹ̀. Ojú ibì kan náà ni gbogbo ọta bà.

Ó wá kan Bàbá, awò ńlá ló wà lórí ìbọn. Wọ́n yìn ín, pákó kò mì. Wọ́n tún yìn ín, erùpẹ̀ ló sọ.

"Awò yìí ò dáa, Ìṣọ̀lá," Bàbá sọ fún mi.

Mo fi kékeré sí i. Bí wọ́n ti fẹ́ yìn ín ni ewúrẹ́ aládùúgbò kan rìn wá, ó dúró gbọnin níwájú pákó.

"Ẹ dúró, Bàbá!"

"Kí ló dé?"

"Ẹ ò rí ewúrẹ́?"

Wọ́n tún wo inú awò náà. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. "Ewúrẹ́ wo?"

Mo jókòó sílẹ̀. Àwọn náà jókòó sórí àpò iyanrìn. Aya wọn, Ìyá Sàlámọ̀, tó bá wọn wá, ń wò wá láti abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù.

"Sọ fún ọ̀gá igbó pé awò ni ò dáa," Bàbá ní. "Bí wọ́n bá gba ìbọn yìí, kí ni mo tún jẹ́?"

"Bàbá, àwọn èèyàn ń kórè kòkó nínú oko yẹn."

Bàbá gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, wọ́n dìde.

Nígbà tí ọ̀gá igbó dé, ó bèèrè lédè òyìnbó èwo ló dára. Mo ní kékeré ni. Ọ̀rọ̀ awò ló bèèrè, kò bèèrè ọ̀rọ̀ ojú. Mo ṣì ń ro ohun tí n óò fi kún un nígbà tó rẹ́rìn-ín, tó na ìbọn sí Bàbá. Bàbá kò gbà á. Ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn.

"Sọ fún un pé kó gbé e fún ẹlòmíràn," ni wọ́n wí. "Ojú mi ti lọ."

Èmi ni ògbifọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò lè dé etí òyìnbó àfi kó gba ẹnu mi kọjá. Mo wojú Bàbá bóyá wọn óò gba ọ̀rọ̀ náà padà.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Mo sọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ọ̀gá igbó ṣí fìlà, ó gbé ìbọn, ó lọ.

Ọdẹ kan láti Ìkòyí, nítòsí Àpòmù, ló fi awò kékeré yẹn pa ẹfọ̀n náà. Wọ́n gé itan kan fún Bàbá Ràímì gẹ́gẹ́ bí àgbà ọdẹ, Bàbá sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìyá Sàlámọ̀ ló gbé e wá. Mo bèèrè àlàáfíà Bàbá.

"Wọ́n ti ń rí oorun sùn báyìí," ni Ìyá Sàlámọ̀ dáhùn. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ mi, mi ò rí i kí ilẹ̀ mọ́ bá wọn lórí ẹní rí. Lónìí, oòrùn ti yọ kí wọ́n tó jí kírun. Mo jókòó, mo kàn ń wò wọ́n."