Ìwé Màmá Agbẹ̀bí àti Alága Tó Dákú

Nígbà tí Mosúnmọ́lá fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, ohun tí gbogbo ará Gbaji rò ni pé yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù tí yóò ti máa ta nǹkan ọmọ tuntun. Ọkọ rẹ̀, Dosu, tiẹ̀ ti ń wo ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àfi bí obìnrin náà ṣe jókòó sídìí tábìlì ìjẹun láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní ìwé lòun fẹ́ kọ.

“Ìwé kí ni?” Dosu béèrè. Apẹja ni Dosu, ọmọ Ègùn pọ́ńbélé, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń gbé Ègùn pọ̀n.

“Ìwé nípa àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn.”

“Àwọn yẹn kò mọ nǹkan kan nígbà yẹn. Kí lo fẹ́ sọ nípa wọn?”

“Kì í ṣe àwọn ọmọ gan-an, Bàbá Ìfẹ́. Àwọn bàbá wọn ni.”

Dosu gbé àwọ̀n tó ń tún ṣe sílẹ̀. “Èmi náà wà níbẹ̀?”

“Orí kejì.”

“Ganji,” ni Dosu wí, ìyẹn ni pé ó dáa, àmọ́ ojú rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Mosúnmọ́lá kọ ìwé náà tán, ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Èkó. Wọ́n dá a lóhùn pé ìwé náà dùn, ṣùgbọ́n ṣé kò lè kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kó sì yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò níbẹ̀? Ó ka èsì náà sí Dosu létí, ó tún un kà fún ara rẹ̀, inú sì bí i. Ìwé ìgbẹ̀bí tí kò ní ẹ̀jẹ̀! Ó ní kò burú, òun á tẹ̀ ẹ́ fúnra òun.

Ó ṣọ́ra o. Ó pa orúkọ gbogbo ènìyàn inú ìwé náà dà, pàápàá jù lọ ti ọkùnrin tó wà ní orí kẹrin. Alhaji Mukhtar nìyẹn, ẹni tó ń ta pákó lójú títì márosẹ̀, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ilé kejì kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Nínú ìwé, Làmídì ni Mosúnmọ́lá pè é, ó sì sọ ọ́ di alágbò. Ó dá a lójú pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Ẹni tí Mosúnmọ́lá ní kó máa ṣe ètò ìkójáde ìwé náà ni Rewájú, olùkọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ̀bí rẹ̀. Ó ní kó wá ẹni ńlá kan tí yóò ṣe alága. Mosúnmọ́lá kò mọ ẹni tí Rewájú lọ pè, àfìgbà tí ó gba káàdì ìpè lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó rí orúkọ gàdàgbà: Alhaji Mukhtar.

“Rewájú, ta ló ní kó o pe Alhaji?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá ẹni ńlá, mà. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní gbogbo ẹbí àwọn ló ń bọ̀.”

“Gbogbo ẹbí,” ni Mosúnmọ́lá wí. Ó wá àga jókòó.

Ibi tí ó ti ń ronú bí yóò ṣe sọ fún Rewájú pé kó má fẹnu kan orí kẹrin ni ìwé ti dé láti ọ̀dọ̀ Babátúnjí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ̀wé ní Ibereko. Ó já páálí, ó fà á jáde. Iwájú rẹwà. Ó yí i sẹ́yìn, ibi tó yẹ kí fọ́tò rẹ̀ wà. Bàbá arúgbó kan tó dé fìlà, tó ní irùngbọ̀n funfun, ló ń wò ó. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: “Òǹkọ̀wé yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ sílé ayé.”

Ó pe Babátúnjí lórí fóònù. Ohùn ọmọkùnrin náà rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ má bínú, mà. Ìwé ètò ìsìnkú la tẹ̀ ṣáájú tiyín. Fọ́tò ló pààrọ̀ ara wọn.”

“Èmi wá wà nínú ìwé ìsìnkú?”

“Àwọn ẹbí ò tíì rí i, mà.”

Ìkójáde ku ọ̀la. Ni tọkọtaya náà bá jókòó ti páálí, wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù Mosúnmọ́lá mọ́ bàbá náà lójú. Fọ́tò kò tóbi tó. Fìlà bàbá yọ lókè, irùngbọ̀n rẹ̀ yọ nísàlẹ̀. Dosu wò ó títí, ó ní ó jọ ìyá òun. Nínú gbogbo ìdààmú yìí, Mosúnmọ́lá gbàgbé Rewájú àti orí kẹrin pátápátá.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngán ilé-ìwé kan ní Ibereko kún dé ẹnu ọ̀nà. Alhaji Mukhtar wọlé pẹ̀lú agbádá funfun, ìyàwó rẹ̀, Alhaja Hikmat, tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ àti ọmọọmọ tò sẹ́yìn. Alhaji jókòó sórí àga alága, ó gbé ìwé kan, fọ́tò sì já bọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù.

“Màmá nọ́ọ̀sì,” ó wí, “ta ni bàbá yìí?”

“Àṣìṣe atẹ̀wé ni, Alhaji. Fọ́tò olóògbé kan ni.”

“Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn.”

Rewájú bọ́ sórí pèpéle láti ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé. Ó yin òǹkọ̀wé, ó yin alága, ó wá ní kí àwọn ènìyàn lè tọ́ ọ wò, òun á ka ibi tó dùn jù fún wọn. Ìgbà yẹn ni Mosúnmọ́lá rántí. Ó ṣẹ́jú sí i, ó mi orí. Rewájú rò pé ó ń kí òun kú iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì ṣí orí kẹrin.

“‘Làmídì ní òun kò lè dúró síta bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ó ní àgbò tí òun ti pa kò níye, kí ni òun fẹ́ bẹ̀rù? Ó wọlé. Ó rí ẹ̀jẹ̀ bíńtín. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ta ló pa iná?” Iná kò kú. Kí n tó dáhùn, ó ti bá ilẹ̀ lọ, òun àti abọ́ irinṣẹ́ mi. A gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Bí ìrora bá ti dẹwọ́ díẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, á ní, “Ẹ bá mi wo ọkọ mi, ṣé ó ti jí?” Igbe ọmọ ló jí i. Ó gbé orí sókè, ó ní, “Ṣé mo ti bí?”’”

Gbọ̀ngán ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Alhaja Hikmat ti tẹrí ba. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi etí híjáàbù bo ẹnu, kò gbà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Alhaji,” ó wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, “wọ́n tiẹ̀ rántí ti iná.”

Gbogbo orí yí sí alága. Mosúnmọ́lá wo ẹnu ọ̀nà, ó rí i pé èrò pọ̀ jù, kò sí bí ènìyàn ṣe lè sá gba ibẹ̀. Alhaji dìde. Ó gba máíkì lọ́wọ́ Rewájú.

“Irọ́ wà nínú ìwé yìí,” ó wí.

Ó gbé ìwé náà sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

“Mi ò ṣubú lu abọ́. Àga ni mo ṣubú lù, abọ́ ló wá ṣubú lù mí. Àpá rẹ̀ nìyí.” Ó ṣí fìlà. “Èkejì, mi ò ta àgbò rí láyé mi. Pákó ni mò ń tà. Kí ni mo ṣe fún Màmá nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi sọ mí di alágbò?”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ. Bàbá kan dìde lẹ́yìn, ó ní tòun kò tó dídákú, pé ṣe lòun sá láti ilé ìwòsàn dé etí ọ̀sà. Òmíràn ní òun sunkún ju ìyàwó òun lọ. Ìgbà tó yá, Dosu tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò nawọ́ gba máíkì, ó ní, “Èmi, orí kejì ni mo wà,” ó sì jókòó bí ẹni tó gba oyè. Wọ́n rọ́ lọ sídìí tábìlì ìwé.

Àmọ́ kò tán síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ìbejì kan wá sí Gbaji láti bínú: òun rọbí ní odindi ọjọ́ méjì, Mosúnmọ́lá kò sì fi ìlà kan dá òun lọ́lá. Ó ní ṣé nítorí pé ọkọ òun kò dákú ni? Mosúnmọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí. Ilé ìtàwé kan nínú ìlú Àgbádárìgì gba díẹ̀, wọ́n tò ó sáàárín ìwé àdúrà, ẹnikẹ́ni kò sì rà á. Lẹ́yìn oṣù kan, páálí ṣì dúró sí pálọ̀, Dosu ń gbé ẹsẹ̀ lé e. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Mosúnmọ́lá máa ń wo páálí náà, táá máa rò ó pé ṣọ́ọ̀bù nǹkan ọmọ ì bá dáa jù.

Alhaja Hikmat ló ní kó gbé ìwé lọ sí Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ẹnubodè, pé àwọn ẹbí òun tó wà lọ́hùn-ún ń ka Yorùbá. Ó gbé páálí kan, ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Seme ní ẹ̀gbẹ́ títì Gbaji. Awakọ̀ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó fi ọ̀kan hàn án. Ọkùnrin náà ṣí i láàárín, ó fi ara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń kà. Ọkọ̀ kún. Àwọn èrò ní kó jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

“Ẹ ní sùúrù,” awakọ̀ wí, kò gbójú sókè. “Ọkùnrin kan ń wọ yàrá ìgbẹ̀bí níbí, kò sì mọ nǹkan tó ń bọ̀.”

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Mosúnmọ́lá kò dá sí i. Ó sún mọ́ fèrèsé, ó ká ọwọ́ sórí páálí rẹ̀, ó ń wo bí ojú awakọ̀ náà ṣe ń yí padà láti ìlà kan sí òmíràn, ó sì ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ọkọ̀ náà má tètè gbéra.